Hemoglobínì: pròtéìnì tó wà nídìí AA, AS àti SS

Àwọn lẹ́tà AA, AS tàbí SS tí ilé ìwòsàn ń kọ fún wa lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní électrophorèse, ọ̀rọ̀ pròtéìnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Hemoglobínì lorúkọ rẹ̀. Òun ló mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, òun ló sì ń gbé oxygène inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí láti ẹ̀dọ̀fóró lọ káàkiri ara.

Tí a bá gbọ́ pròtéìnì, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ló ń wá sí wa lọ́kàn. Kò burú. Àmọ́ ẹ̀wà ò kàn lọ di ẹran ara. Inú wa á kọ́kọ́ tú pròtéìnì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, èyí tí à ń pè ní acide aminé. Oríṣi 20 ló wà tí ara fi ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì á wá sín wọn bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ètò tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá.

Okùn ìlẹ̀kẹ̀ yìí ò tíì wúlò. Ó gbọ́dọ̀ ká. Àwọn acide aminé tí kò fẹ́ràn omi á sá sínú, àwọn tó fẹ́ràn omi á dúró síta. Hemoglobínì ní okùn mẹ́rin tó ká mọ́ra wọn: méjì ní acide aminé 141 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì yòókù ní 146. Irin tíntìnnín kan wà nínú okùn kọ̀ọ̀kan, òun ló ń di oxygène mú. Pròtéìnì tí kíká rẹ̀ bá tú, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹ sáà wo funfun ẹyin tí a sè: iná ti tú àwọn pròtéìnì rẹ̀, wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn, kò sì lè ṣàn mọ́.

Nínú okùn oní-146 yẹn, ẹyọ kan péré, ìkẹfà, ló yàtọ̀ lára ẹni tó ní S. Vernon Ingram ló fi èyí hàn ní 1957: acide glutamique ló yẹ kó wà níbẹ̀, valine ló gba ipò rẹ̀. Valine ò fẹ́ràn omi rárá. Bí hemoglobínì bá ti já oxygène sílẹ̀, valine á lẹ̀ mọ́ hemoglobínì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn náà á lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí wọ́n á fi gùn bí ọ̀pá. Ọ̀pá yìí á ti ara sẹ́ẹ̀lì pupa, á tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kò ní lè gba inú iṣan tóóró kọjá mọ́. Ibẹ̀ ni ìrora egungun ti ń wá. Àìsàn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn, drépanocytose lédè Faransé. Kì í ṣe ọmọ aráyé, kì í sì í ṣe àbíkú.

Ẹni tó jẹ́ AS kì í sábà ṣàìsàn rẹ̀. Kódà, ibà ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ AS pa, ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí o. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, ìyẹn ò ní kí èkejì má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Pròtéìnì kì í pẹ́ láyé. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, èyí tí kò ká dáadáa, wọ́n á lẹ ubiquitine mọ́ ọn lára, bí ìgbà tí a sàmì sí igi tí a fẹ́ gé, kí ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ protéasome tó gé e wẹ́wẹ́. Ciechanover, Hershko àti Rose gba ẹ̀bùn Nobel lórí èyí ní 2004. Ẹ̀jẹ̀ ehoro ni wọ́n fi ṣèwádìí rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ní tirẹ̀ ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120, ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bó bá gbó, ara á tọ́jú irin rẹ̀, á tún acide aminé rẹ̀ lò, ìyókù á di bilirubine, tó ní àwọ̀ ìyeyè. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ SS fi ń pọ́n. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ibà pọ́njú.

Ṣúgà náà máa ń lẹ̀ mọ́ hemoglobínì díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yí i padà. Àyẹ̀wò HbA1c tí wọ́n ń ṣe fún alátọ̀gbẹ, èyí ló ń wọ̀n, láti mọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Lára ẹni SS, sẹ́ẹ̀lì ò pẹ́ tó kí ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà àyẹ̀wò náà lè tan dókítà jẹ. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ tètè sọ fún un pé SS lòun.