Ìyàwó tó jẹ́ ọkùnrin: ọ̀rọ̀ kan láti Bàhíà

Nínú eré ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe, a ó fi irọ́ mẹ́ta yí òótọ́ kan ká, olúkúlùkù á sì yan tirẹ̀. Mo mú “iaô” wá. Kò sẹ́ni tó yan “ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìsìn òrìṣà, ìbáà ṣe ọkùnrin”. Òun sì ni òótọ́. Ìyàwó ni, bí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ti Kétu ṣe ń kọ ọ́ ní Bàhíà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba Ouidah àti Àjàṣẹ́ wà lára àwọn tó gbé èdè wa sọdá òkun. N kò gbà pé ọ̀hún ni ìtumọ̀ náà ti yí padà. “Aya” nìkan tí a kọ́ nínú ìwé ló tàn wá. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó náà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìsìn Ṣàngó, a sì máa dirun bí obìnrin.