Ìyẹ́ Lára Ẹranko Apẹranjẹ Ayé Àtijọ́: Kí ni A Lè Sọ Nípa ti Apá Ọ̀dọ̀ Wa?



Ìbéèrè mi kò gùn: ǹjẹ́ àwọn dáínásọ̀ ńláńlá tí ó ń pa ẹran jẹ ní apá Áfíríkà tiwa yìí ní ìyẹ́ lára bí ẹyẹ? Àwọn ayàwòrán kan ti ń fi ìyẹ́ bo irú wọn. Ẹ̀rí ni èmi ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ kànga ní Magodo pẹ̀lú ìrètí àtirí egungun wọn. Iyanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ wa níhìn-ín kéré sí wọn lọ́jọ́ orí púpọ̀. Òkúta ẹfun Ewékorò pàápàá, tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti dì, lẹ́yìn tí àwọn dáínásọ̀ ti parun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, ni kí a kọjú sí.

Ní Gadoufaoua, nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ni Philippe Taquet ará Faransé ti ṣiṣẹ́. Òun ni ó sọ ajewéko kan tí a rí níbẹ̀ ní Ouranosaurus ní 1976. Ní 1997, Paul Sereno ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hú egungun apẹranjẹ kan ní aṣálẹ̀ kan náà. Ní 1998 wọ́n pè é ní Suchomimus tenerensis, èyí ni afarajọ-ọ̀nì ti Ténéré. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 11. Ẹnu rẹ̀ gùn gbọọrọ, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ̀ bí dòjé. Egungun pọ̀. Ìyẹ́ kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbẹ̀. Iyanrìn odò ńlá ni ó bo òkú ẹran ní Gadoufaoua. Irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ a máa pa egungun mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ a ti jẹrà tán. Ọ̀tọ̀ ni ti Liaoning ní Ṣáínà: ìsàlẹ̀ adágún tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni òkú rì sí, eérú òkè oníná sì bò ó. Níbẹ̀ ni Sinosauropteryx kékeré ti fara hàn ní 1996 pẹ̀lú ìhùùhù lára. Ní 2012, Xu Xing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde Yutyrannus huali: egungun mẹ́ta, èyí tí ó tóbi jù gùn tó mítà 9, ó sì wọ̀n tó nǹkan bí 1,400 kílò. Nínú gbogbo ẹranko tí a ti rí ìyẹ́ gan-an lára wọn, òun ni ó tóbi jù.

Òkúta Liaoning náà ti tan àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ rí. Ní 1999, ìwé ìròyìn National Geographic gbé “Archaeoraptor” jáde, tí wọ́n ti rà ní 80,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Egungun ẹyẹ ni àwọn kan lẹ̀ mọ́ ìrù dáínásọ̀! Xu Xing kan náà ni ó tú àṣírí rẹ̀.

Ẹbí Yutyrannus ni Tyrannosaurus, ṣùgbọ́n àwọn àmì awọ rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 2017, ìpẹ́ ni wọ́n fi hàn. Àwọn kan ní èyí fòpin sí ọ̀rọ̀. Èmi kò gbà: ẹ wo adìyẹ àgbàlá yín, ìpẹ́ wà lẹ́sẹ̀, ìyẹ́ wà lára. Suchomimus kò tilẹ̀ sí nínú ẹbí yẹn. Ẹni tí ó bá fi ìyẹ́ wọ̀ ọ́ ń fi àbá ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá sì búra pé kò ní ìyẹ́ rí, bákan náà ni. Àmì awọ rẹ̀ ni ó lè yanjú rẹ̀, bóyá nínú ẹrẹ̀ etí odò tí ó ti di òkúta ní Ténéré.