Agolo, síǹkì àti òṣùpá: ìtàn àwọn ohun ìṣeré ọmọdé tí àgbà ń kó jọ

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Mọ́tò kékeré àti róbọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọdé ń wọ́ nílẹ̀ láàárín 1950 sí 1970 ti di ohun tí àwọn tó ti hewú ń du níbi gbàǹjo ní Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Jàpáànì. Ẹni tó bá rí wọn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbà èwe lásán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n, ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n àti ìdí tí wọn ò fi pọ̀ mọ́, a ó rí i pé ìtàn ogun, òwò àti ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ló wà lára wọn.

Láti Liverpool dé inú páálí ìṣáná

Ní 1901, Frank Hornby, ọmọ Liverpool, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun ìṣeré tó wá di Meccano, ìyẹn irin pẹlẹbẹ oníhò tí ọmọdé lè fi nọ́ọ̀tì àti bóòtì tò di afárá tàbí kéréènì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rélùwéè ìṣeré. Ní 1933, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́tò kéékèèké mélòó kan tí àwọn ọmọ lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Nígbà tó di 1934, wọ́n sọ wọ́n ní Dinky Toys. Ohun tí wọ́n ṣe kún rélùwéè wá di ọjà fúnra rẹ̀.

Síǹkì ni olórí èròjà wọn. Wọ́n á po alumíníọ̀mù mọ́ ọn, pẹ̀lú bàbà àti magnesium díẹ̀. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù onírin. Mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò tó jọra wọn bí ìbejì. Àmọ́ bí òjé díẹ̀ bá bọ́ sínú àdàlú náà, àìsàn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, irin náà á wú, á sán, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ níbi tí wọ́n gbé e sí, kódà bí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ Dinky tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ló bá a lọ, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ní 1947, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ti jọ ṣiṣẹ́ ológun ojú omi, Leslie Smith àti Rodney Smith, dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí. Wọ́n gé orúkọ àbísọ wọn pọ̀ di Lesney. Jack Odell, tó mọ iṣẹ́ mọ́ọ̀dù dunjú, dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé Elizabeth Kejì ládé ní 1953, Lesney ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ọba ní kékeré, èyí tí wọ́n tà sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ọdún yẹn náà ni Matchbox jáde. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin Odell kò gbà kí ọmọ mú ohun ìṣeré wá àyàfi èyí tó bá wọ inú páálí ìṣáná. Bàbá rẹ̀ wá ṣe katakata tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì, ó kéré débi pé ó wọ inú páálí náà. Bí ọjà tuntun ṣe rí orúkọ nìyẹn.

Agolo tó di jíìpù

Ní Jàpáànì, agolo ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1945, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà túúbá, Matsuzo Kosuge ní ìlú Otsu, nítòsí Kyoto, kó agolo oúnjẹ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jẹ tán tí wọ́n sọ nù. Ó gé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ṣe jíìpù ìṣeré. Yen 10 ló ń tà á. Ohun tó ṣe yìí ni mọ́tò tí àwọn ọmọ náà ń rí lójú títì lójoojúmọ́, mọ́tò àwọn tó ṣẹ́gun bàbá wọn.

Láìpẹ́, ohun ìṣeré onípáànù di ọjà tí Jàpáànì ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun, Amẹ́ríkà ló sì ń rà jù. Wọ́n á ti tẹ aago, bọ́tìnì àti àwọ̀ sára páànù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ di róbọ́ọ̀tì. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi Sputnik sókè ní 4 oṣù Kẹwàá 1957, tí Yuri Gagarin sì yí ayé po ní 12 oṣù Kẹrin 1961, ọjà àwọn oníróbọ́ọ̀tì àti onírọ́kẹ́ẹ̀tì gbóná girigiri. Àwọn róbọ́ọ̀tì kan ń fi bátìrì rìn, àyà wọn á ṣí, ìbọn á sì yọ síta. Ìgbà tí ènìyàn fi máa dé orí òṣùpá ní oṣù Keje 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ti ní ọkọ̀ òṣùpá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀tá wọn àná ló sì ṣe é.

Ẹni tó jókòó nínú mọ́tò

Ní 1965, ilé iṣẹ́ Corgi ṣe Aston Martin ti James Bond. Bí ọmọdé bá tẹ bọ́tìnì kan, òrùlé á ṣí, ọ̀tá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bond á sì fò jáde. Ọmọ wo ni kò ní fò ó títí yóò fi sọnù? Ìdí nìyí tí mọ́tò náà fi lówó lórí gan-an lónìí bí ẹni kékeré yẹn bá ṣì wà nínú rẹ̀, tí páálí rẹ̀ sì pé.

Lójú tèmi, ibí yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ti dúró ronú. Ohun tí owó ń tọ́jú ni èyí tí ọmọ kankan kò fi ṣeré. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni kùn rẹ̀ ti bó, tí táyà rẹ̀ ti yọ, òun náà ni wọ́n sì sọ sí ààtàn. Bí a bá fi ohun tó ṣẹ́ kù nìkan kọ ìtàn ìgbà èwe, ìtàn àwọn ọmọ tí kò ṣeré la ó kọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́ mọ́. Hot Wheels jáde ní Amẹ́ríkà ní 1968 pẹ̀lú mọ́tò mẹ́rìndínlógún tí táyà wọn ń yí fìrì ju ti gbogbo wọn lọ. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ilé iṣẹ́ Dinky ní Liverpool ti ilẹ̀kùn ní 1979. Lesney kógbá sílé ní 1982, Mettoy tó ni Corgi sì tẹ̀ lé e ní 1983. Mattel, ẹni tó ni Hot Wheels, ló wá ni Matchbox láti 1997.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Agolo tí Kosuge gé ní Otsu kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ló fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, tí wọ́n fi ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì tó ti já ṣe táyà, tí wọ́n so okùn mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń fà á kiri àdúgbò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìtàn mọ ẹni tó ṣe jíìpù Otsu, ó mọ oṣù àti iye tó tà á. Ní 1986, Teruhisa Kitahara ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun ìṣeré onípáànù ní Yokohama. Mọ́tò agolo tiwa kò ní páálí, kò ní orúkọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbé e lọ sí gbàǹjo.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ṣì wà láàyè. Nígbà tí a bá lọ ilé fún ìsinmi, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: kí lẹ fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀? Ta ló kọ́ yín? Ọdún wo ni? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i. Bí ẹ bá rí ọmọdé tó ń fa ọ̀kan lónìí, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì dá mọ́tò náà padà fún un kó lè máa ṣeré rẹ̀ lọ.