Ìgè, Kẹ́hìndé àti Ọmọ Tí Kò Lórúkọ

Kí ìwé tó dé ọwọ́ Yorùbá ni orúkọ àmútọ̀runwá ti ń ṣe iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe wáyé ni wọ́n fi ń pè é. Ọmọ tó bá mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè; èyí tó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí; èyí tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn ni Òjó bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bó bá jẹ́ obìnrin. Samuel Johnson to irú orúkọ wọ̀nyí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ fún ọmọ tó dábùú sínú ilé-ọmọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ tó ti gbó, tó sì dábùú, kò lè gba ojú ara kọjá àfi bí ẹnì kan bá yí i padà. Àwọn tó délé ayé ni àmútọ̀runwá wà fún.

Oyún ìbejì máa ń mú ewu yìí súnmọ́ tòsí, nítorí ọmọ méjì ló ń pín àyè ẹnì kan. Bí Táíwò bá fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ ṣíwájú, tí Kẹ́hìndé sì dorí kodò lẹ́yìn rẹ̀, ara Táíwò lè jáde dé ọrùn, kí àgbọ̀n àwọn méjèèjì sì há mọ́ ara wọn. Táíwò kò lè jáde, Kẹ́hìndé kò lè sún. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ú lọ ni pé kí Táíwò wáyé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí àyè wá ṣí sílẹ̀ fún Kẹ́hìndé, kí òun náà sì yí dábùú sínú rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táíwò lọ tọ́ ayé wò, kò sì kánjú. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tó bí i ní àbíyè ni ó ti dùn. Fún obìnrin tó ti bí ọ̀kan, tí ọwọ́ èkejì yọ síta láìrí orí, ìdúró Kẹ́hìndé ní ìtumọ̀ mìíràn. Kì í ṣe lásán ni Yorùbá fi ń kí ìyá ọmọ tuntun pé, "Ẹ kú ewu ọmọ."

Ẹ̀rí ewu náà wà lára igi. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìdílé a gbẹ́ ère dípò rẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ. Àwọn ère ìbejì wọ̀nyí pọ̀ nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń yin ọwọ́ agbẹ́gilére. Lóòótọ́, kì í ṣe ìrọbí nìkan ló ń pa ìbejì. Àìpé oṣù àti àìsàn náà ń pa wọ́n. Síbẹ̀, ikú ló bí ọ̀pọ̀ ère náà.

Ọgbọ́n yíyí ọmọ padà ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 1550, Ambroise Paré, oníṣẹ́-abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì sọ ọ́ dọ̀tun: ẹni tó ń gbẹ̀bí á ki ọwọ́ bọ ilé-ọmọ, á wá ẹsẹ̀ ọmọ, á sì fi ẹsẹ̀ náà fà á jáde. Lọ́rọ̀ kan, á sọ ọmọ tó dábùú di Ìgè. Báyìí ni wọ́n ṣì ń gba Kẹ́hìndé mìíràn títí dòní. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní àkókò tirẹ̀. Bí omi bá ti dà tán, tí ilé-ọmọ sì ti fún mọ́ ọmọ pinpin, ẹni tó bá fipá yí i lè fa ilé-ọmọ ya. Iṣẹ́ abẹ ló kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí tí Patrick Nylander ṣe láàárín ọdún 1972 sí 1982 fi hàn pé nínú 1,000 ìbímọ ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, nǹkan bí 45 sí 50 jẹ́ ti ìbejì. UCH ti ṣí ní Ìbàdàn láti ọdún 1957, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò mọ́tò ni láti Igbó-Ọrà débẹ̀. Ní ọdún 2013, àbájáde ìwádìí kan lórí aláboyún ìbejì 2,804 ní orílẹ̀-èdè 25 jáde: bí Táíwò bá dorí kodò, iṣẹ́ abẹ tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀ kò dáàbò bo àwọn ọmọ ju ìgbìyànjú ìbí ojú ara lọ. Ilé-ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ni gbogbo àwọn obìnrin náà wà, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí a ti ń gbẹ̀bí ìbejì. Aláboyún tó ń rọbí lóko lóru kò sí nínú wọn.