Ta Ló Pa Okwaraji? Àhesọ Kan àti Iṣẹ́ Akọ̀ròyìn Eré Ìdárayá

Ó ṣòro kí a rí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀ ní Awẹ́, Fìdítì tàbí Ìlọrà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn tí kò gbọ́ ìtàn yìí: pé Íńdíà gbá góòlù 99 sílé Nàìjíríà, pé oògùn wọn ń sọ bọ́ọ̀lù di kìnnìún lójú aṣọ́lé, pé bí Nàìjíríà bá lè gbá ẹyọ kan ṣoṣo wọlé, tiwa ni ìdíje náà, pé Samuel Okwaraji gbá a wọlé, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fi kún un pé ìdí nìyẹn tí FIFA fi lé Íńdíà kúrò nínú bọ́ọ̀lù.

Irọ́ ni. Íńdíà kò kópa nínú ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Wọ́n pè é sí ti ọdún 1950, kò lọ. Àwa náà kò débẹ̀ títí di ọdún 1994. Àǹgólà ni Nàìjíríà ń bá gbá a lọ́jọ́ tí Okwaraji kú, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Stephen Keshi ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí. Ní ìṣẹ́jú 77, Okwaraji ṣubú, kò sì dìde mọ́. Amòfin ni, ọmọ ọdún 25. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti wú, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ kan náà, èrò pọ̀ ju àyè lọ, òǹwòran márùn-ún sì kú.

Àwọn akọ̀ròyìn tó wà níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí òtítọ́ yìí sọnù. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ ọ́. Àhesọ ní tirẹ̀ gbọ́ Yorùbá, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe eré lásán. Bó bá jẹ́ oògùn Íńdíà ló pa Okwaraji, ta ni yóò bi àwọn aláṣẹ bóyá wọ́n ń yẹ ọkàn agbábọ́ọ̀lù wò kó tó wọ pápá? Ta ni yóò bèèrè ìdí tí èrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn márùn-ún tó kú kò tilẹ̀ sí nínú ìtàn tí à ń sọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ akọ̀ròyìn eré ìdárayá kò parí sí iye góòlù. Bí ọmọ ilé ìwé kan bá ṣubú lórí pápá ní Awẹ́ lónìí, ojúṣe rẹ̀ ni láti béèrè bóyá nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, bóyá ọkọ̀ wà, kó sì padà lọ béèrè ohun tí dókítà sọ. Kó kọ ọ́ ní èdè tí ìyá ọmọ náà lè kà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í dá rìn. Ẹnìkan ló ní láti gbé e.