Àbámọ̀ Ní Í Gbẹ̀yìn Ọ̀ràn: Ẹjọ́ Portland ní Ọdún 1984

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọba àti ìjòyè sílẹ̀ díẹ̀, ká wo ẹjọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kì í jẹ́ kó tán nílẹ̀: ẹjọ́ ẹgbẹ́ Portland Trail Blazers ti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1984, Michael Jordan wà níwájú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n mú Sam Bowie. Títí dòní, ẹnu ò kúrò lára wọn. Àwọn kan tilẹ̀ ní kò sí yíyàn tó burú tó o nínú gbogbo ìtàn eré ìdárayá. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ṣé ẹ̀bi wọn ni lóòótọ́, àbí àwa tí a ti mọ bí ìtàn ṣe parí la wá ń fi ìmọ̀ wa dá ẹni tí kò mọ̀ lẹ́bi?

Ìbéèrè òpìtàn ni, ẹ má fojú eré lásán wò ó. Ẹ rántí pé nígbà tí Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà níbí ní 1842, tí wọ́n sì lọ dó ti Adó, ó rọrùn fún wa lónìí láti ní, “Kí ló dé tí wọ́n jókòó ti odi ìlú kan ṣoṣo fún ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀?” Ẹni tó pàgọ́ lọ́jọ́ kìíní kò mọ̀ pé ọdún gbọọrọ ni. Àwa tí a ka ìwé tán la mọ̀. Òpìtàn tó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí, adájọ́ tó ti gbọ́ ìdájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́. Ètò tí wọ́n ń pè ní draft ni àwọn ẹgbẹ́ NBA fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láàárín ara wọn lọ́dọọdún. Àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú ló sábà máa ń ṣíwájú yàn, kí agbára má bàa jókòó sójú kan. Títí di 1984, ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn ní ìlà-oòrùn àti èyí tó gbẹ̀yìn ní ìwọ̀-oòrùn máa ń ju kọ́bọ̀ sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Ọdún 1985 ni wọ́n fi lọ́tìrì rọ́pò rẹ̀. Houston Rockets ló gbẹ̀yìn ní ìwọ̀-oòrùn lọ́dún tí à ń sọ yìí. Indiana Pacers ló gbẹ̀yìn ní ìlà-oòrùn, àmọ́ láti 1981 ni Indiana ti fi ẹ̀tọ́ yíyàn yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún Portland, kí wọ́n lè gba agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Tom Owens. Bí Portland ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ tiwọn burú. Wọ́n ju kọ́bọ̀, Houston borí.

Ta ni Houston mú? Ọmọ wa ni. Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí l'Ékòó ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1963, ọmọ àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, 1991 ló tó dá lẹ́tà H padà síwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló kọ́kọ́ mọ̀, àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti wà ní Yunifásítì Houston, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà lára àwọn mẹ́rin tó kù sẹ́yìn ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà ní 1982, 1983 àti 1984, léraléra.

Ẹ wá ṣàkíyèsí ohun kan. Houston náà fi Jordan sílẹ̀! Jordan wà níwájú tiwọn pẹ̀lú, wọn ò mú un. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú Houston? Rárá o. Ọlájùwọ́n gba ife fún wọn ní 1994 àti 1995, ó sì fi NBA sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 3,830 tó ti fọwọ́ gbá kúrò lójú àwọ̀n, iye tí ẹnikẹ́ni ò tíì bá. Nítorí náà, fífi Jordan sílẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ẹni tí wọ́n mú dípò rẹ̀ ni ẹ̀sùn gan-an.

Kí ló wà lójú Portland ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1984? Àkọ́kọ́, àyè tí Jordan máa gbà kò ṣófo. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n mú Clyde Drexler, Jim Paxson sì wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti yàn lẹ́ẹ̀mejì sínú ẹgbẹ́ àwọn ìràwọ̀. Èkejì, ibi tó ṣófo ni àárín, lábẹ́ àwọ̀n, níbi tí àwọn òmìrán máa ń dúró. Ní oṣù kan náà ni wọ́n fi Wayne Cooper, òmìrán kan tí wọ́n ní, kún àwọn tí wọ́n kó fún Denver láti gba Kiki Vandeweghe. Ẹ̀kẹta, ìgbàgbọ́ ìgbà yẹn ni pé òmìrán ló ń gba ife. Bill Russell ni, Wilt Chamberlain ni, Kareem Abdul-Jabbar ni. Ife kan ṣoṣo tí Portland gbà, ní 1977, Bill Walton tó jẹ́ òmìrán ló wà nídìí rẹ̀. Bowie ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínṣì kan, ó mọ bọ́ọ̀lù pín, ó sì ń fò. Ẹni tó ní oko tó ń wá ọkọ́, ẹ má bú u pé kò ra àdá, bí àdá náà tilẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí wọ́n rọra lọ bẹ́ẹ̀. Jordan kì í ṣe ẹni tó fara pamọ́. Òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ tó sì wúwo jù ni ẹsẹ̀ Bowie. Eegun ojúgun rẹ̀ ti sán nígbà tó wà ní Yunifásítì Kentucky, ó sì fi sáà méjì gbáko jókòó láìgbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ayé ló mọ̀. Àwọn àgbà ní, “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.” Igi gogoro yìí wà ní gbangba.

Portland náà sì wò ó. Wọ́n pe àwọn dókítà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ibí ni ẹ̀rí tuntun ti wọlé. Nínú fíìmù kan tí ESPN gbé jáde ní 2012, ọdún 28 lẹ́yìn ọ̀rọ̀, Bowie fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n ń kan eegun ojúgun òun, tí wọ́n ń bi òun bóyá ó ń dùn, òun ní kò dùn. Bẹ́ẹ̀ ó ń dùn. Ó ní àwọn èèyàn òun tó nílò ìrànlọ́wọ́ ló wà lọ́kàn òun.

Kí a tó bínú sí i, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu géètì àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà àti Sango láàárọ̀. Ọ̀dọ́ tó dúró síbẹ̀ láti aago márùn-ún, tó ń retí pé kí wọ́n nàka sí òun fún iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n bá bi í pé, “Ṣé ara rẹ le? Ṣé o lè gbé ẹrù?”, ṣé yóò dáhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun? Ẹni tó ń yàn ń wá òótọ́, ẹni tí wọ́n ń yàn ń wá oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè lásán ò fi tó láti fi yan èèyàn, yálà l'Ọ́tà ni o, yálà ní Portland.

Ẹ wá gbọ́ àbájáde. Ní sáà àkọ́kọ́, Bowie gbá 76 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn àkọ́wọlé márùn-ún tó dára jù. Tí a bá dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò pè é ní àṣìṣe ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ dé: 38, 5, òdo, 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 139 nínú 410, sáà márùn-ún. Jordan sì gba ife mẹ́fà ní Chicago, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ lójú Portland fúnra wọn ní 1992. Àmọ́ ta ló rántí pé Jordan náà fẹsẹ̀ ṣèṣe ní sáà kejì, tó fi jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 péré ló gbá? Eegun tirẹ̀ jiná, ti Bowie kọ̀. Ní 1989, Portland fi Bowie gba Buck Williams lọ́wọ́ New Jersey, Williams sì wà pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n dé ìparí ìdíje ní 1990 àti 1992. Ìyẹn náà, a kì í sọ.

Ìdájọ́ tèmi nìyí: pé wọ́n wá òmìrán, kò sí ẹ̀bi. Pé wọ́n tẹ́tẹ́ lórí ẹsẹ̀ tó ti sán, ẹ̀bi díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ewu yẹn ṣeé rí lọ́jọ́ náà. Pé wọn ò mọ̀ pé Jordan yóò di Jordan, ẹ̀bi kankan ò sí. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ Greg Oden kún un, tí Portland yàn ní 2007 ṣáájú Kevin Durant, tí òun náà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82 péré fún wọn lápapọ̀ nítorí orúnkún. Wọ́n ní àṣìṣe kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bowie ti jókòó sáà méjì nítorí ẹsẹ̀ kí wọ́n tó yàn án. Ti Oden, ọrùn ọwọ́ ló ti dùn ún nílé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn tí wọ́n yàn án ni wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀. Nǹkan méjì tó jọra níparí lè má jọra níbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ sì ni ọjọ́ yíyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá lọ́nà méjì mìíràn. Ní 1998, Los Angeles Clippers ló kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì mú Michael Olowokandi, tí wọ́n bí l'Ékòó, tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti Yunifásítì Pacific ní California jáde. Òun náà pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje. Ṣé ẹ rí i? Àpẹẹrẹ Ọlájùwọ́n ló jọ. Ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 500 nínú NBA, àmì 8.3 ló ń rí ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Vince Carter, Dirk Nowitzki àti Paul Pierce, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yàn wọ́n. Orúkọ rẹ̀ wá di ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ ò sì ní gbọ́ ìyókù lẹ́nu àwọn tó ń ṣẹ̀fẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ tó lọ bá ti pàdánù 65 nínú 82 ní sáà tó ṣáájú. Ìjà láàárín àwọn onílé-ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù gé sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ kù sí 50, Clippers sì jáwé olúborí nínú mẹ́sàn-án péré. Nowitzki náà kò ṣe bẹ́bẹ́ ní sáà yẹn, àmì 8.2 ló ń rí. Dallas fi í sílẹ̀ kó dàgbà. Ní 2011, ó gba ife fún wọn.

Ọ̀nà kejì ni ti 2013. Ẹgbẹ́ Cleveland fi Anthony Bennett ṣe àkọ́yàn. Wọ́n pe orúkọ mẹ́rìnlá kí Milwaukee tó mú ọmọ ọdún 18 kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ipele kejì ní ilẹ̀ Gíríìsì, Giannis Antetokounmpo. Ẹ fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ yẹn: Adétòkunbọ̀ ni. Àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá tó bí i sí Athens. Àmì 6.8 ló ń rí ní sáà àkọ́kọ́, ó kéré sí ti Olowokandi! Milwaukee ò lé e. Ní 2021, ó fi àmì 50 parí ìdíje, ó gbé ife fún ìlú tí kò tíì rí irú rẹ̀ fún 50 ọdún.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe náà dára, àmọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ò bá a mu. Ọlájùwọ́n ò tíì mọ eré náà ní ọmọ ọdún 14, ẹgbẹ́ tó ju mẹ́wàá lọ sì wo Adétòkunbọ̀, wọn ò rí àṣàmú kankan.

Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ rèé: yíyàn kì í parí lọ́jọ́ yíyàn. Apá kan ohun tí à ń pè ní “yíyàn dáadáa” jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n yàn tán: olùkọ́ tó ní sùúrù, ẹgbẹ́ tó dúró, ara tó gbà. Apá kan sì jẹ́ oríire lásán, bíi kọ́bọ̀ tí Houston jù. Èyí tó kù ni ọgbọ́n ẹni tó yàn, ìyẹn nìkan sì la lè dá a lẹ́jọ́ lé lórí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti di ọ̀gá níléeṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ iṣẹ́, nígbà tí ẹni tí ẹ yàn ò bá ṣe bí ẹ ti rò, ẹ má tètè sọ pé ẹ ṣi èèyàn mú. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí la mọ̀ lọ́jọ́ náà? Kí la lè mọ̀ tí a ò wádìí? Kí la sì ṣe fún un láti ìgbà tó ti wọlé? Ìbéèrè kẹta yìí, àwọn tó ń bú Sam Bowie kì í bi í. Àwọn tó ń yan èèyàn lẹ́nu géètì kì í sì fẹ́ gbọ́ ọ.