Whot: Iye káàdì rẹ̀, àṣẹ tí káàdì ń pa, àti àdéhùn tó ń dènà ìjà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, bí àwọn ọmọ bá ti gba họlidé, tàbí tí wọ́n mú iná lọ tí báńtìrì fóònù sì ti kú, Whot ni eré tó máa ń kọ́kọ́ jáde. Ó yára, ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rín ibẹ̀ ò lóǹkà. Ìjà ibẹ̀ náà ò kéré. Bí ẹ bá sì wo ìjà náà dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe màgòmágó. Òfin tí wọ́n fi ń ta á nílé tẹni kan ni ò bá ti ilé ẹnì kejì mu.

Ìdí nìyẹn tá a fi to àlàyé yìí sílẹ̀: iye káàdì tó wà níbẹ̀, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó jókòó fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó pín káàdì àkọ́kọ́.

Níbo ni Whot ti wá?

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Henry Storey ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1935. UNO tí àwọn ọmọ ìwòyí mọ̀ dáadáa, Merle Robbins, onígbàjámọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 1971. Ẹbí kan náà ni eré méjèèjì: ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé UNO ni wọ́n wò ṣe Whot, ẹ dá a lóhùn pé ọdún 36 ni Whot fi ṣe ẹ̀gbọ́n.

Àwa náà ní eré tiwa, ayò ọlọ́pọ́n. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì péré ló ń ta ayò lẹ́ẹ̀kan, ọgbọ́n orí ló sì ń bá a ṣe. Bí ọ̀ta bá pàdé ọ̀pẹ, gbogbo ẹni tó ń wòran ti mọ ibi tó máa já sí. Whot ò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ oríire náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni ọmọ ọdún méje fi lè na ìyá àgbà tó kọ́ ọ.

Káàdì 54

Káàdì 54 ló wà nínú páálí Whot tá à ń lò ní Nàìjíríà. Wọ́n pín in sí àmì márùn-ún. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ni gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n bí eré bá ń lọ:

- Circle, èyí tó rí róbótó: káàdì 12 (1, 2, 3, 4, 5, 7, 8, 10, 11, 12, 13, 14)
- Triangle, onígun mẹ́ta: káàdì 12 (nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú circle)
- Cross, àgbélébùú: káàdì 9 (1, 2, 3, 5, 7, 10, 11, 13, 14)
- Square, onígun mẹ́rin: káàdì 9 (nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú cross)
- Star, ìràwọ̀: káàdì 7 (1, 2, 3, 4, 5, 7, 8)
- Whot fúnra rẹ̀, nọ́ńbà 20: káàdì 5

Ẹ ó rí i pé kò sí 6, kò sì sí 9 níbẹ̀ rárá. Ẹ ka káàdì yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ti sọnù, ẹ fi ìtò òkè yìí wá èyí tó jẹ́, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á máa retí káàdì tó ti wà lábẹ́ àga láti ọjọ́ Iléyá.

Bí wọ́n ṣe ń ta á

Ẹ da káàdì pọ̀, kẹ́ ẹ pín in dọ́gba. Àwọn kan ń pín mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn kan ń pín márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ ṣí ẹyọ kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì da ojú ìyókù délẹ̀: ìyẹn ni ọjà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà tí ẹ pín márùn-ún márùn-ún, 30 ti wà lọ́wọ́ yín, ọ̀kan wà nílẹ̀, 23 ló kù lọ́jà.

Bó bá kàn yín, káàdì tí ẹ máa jù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nílẹ̀ mu, yálà nínú àmì tàbí nínú nọ́ńbà. Circle 7 lè gba orí circle 3, ó sì lè gba orí star 7. Bí ẹ ò bá ní, ẹ lọ ọjà, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan kún tọwọ́ yín.

Àwọn káàdì tó ń pàṣẹ nìyí:

- 1, “Hold on”: gbogbo èèyàn dúró, ẹni tó jù ú á tún jù.
- 2, “Pick two”: ẹni tó kàn á mú méjì lọ́jà.
- 5, “Pick three”: ẹni tó kàn á mú mẹ́ta.
- 8, “Suspension”: wọ́n fo ẹni tó kàn kọjá.
- 14, “General market”: gbogbo ẹni yòókù á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tó jù ú á tún jù.
- 20, “Whot”: ó ń gba orí káàdì yòówù. Ẹni tó jù ú á wá sọ àmì tó ń fẹ́: “I need star!”

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 1 jẹ́ márùn-ún, 2 jẹ́ márùn-ún, 5 jẹ́ márùn-ún, 8 jẹ́ mẹ́ta, 14 jẹ́ mẹ́rin, 20 jẹ́ márùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27, ìdajì 54 géérégé. Nínú káàdì méjì-méjì, ọ̀kan ń pàṣẹ. Ohun tó ń mú kí eré náà gbóná nìyẹn, tí ẹni tó ku káàdì kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ fi lè di ẹlẹ́rù káàdì mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Bó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́dọ̀ pariwo “Last card!” Ẹni tó bá gbàgbé, ọjà ló ń lọ. Bí ẹyọ yẹn náà bá lọ, “Check up!” ni wọ́n ń sọ, ó parí.

Ìṣirò ìparí

Àwọn tó bá kù á ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì ọwọ́ wọn, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló fìdí rẹmi. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń ka star. Ẹni tí 20, 14 àti star 8 bá kù sí lọ́wọ́ ti wọ gbèsè 50 pẹ̀lú káàdì mẹ́ta péré: 20, 14, àti 16.

Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa láti fi 20 pamọ́ títí. Ẹ fi í sílẹ̀ de ẹni tó bá ké “Last card”, kẹ́ ẹ wá béèrè àmì tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Star ò ju méje lọ. Bí ẹ bá ti rí márùn-ún nílẹ̀, méjì péré ló kù nínú gbogbo páálí, ó sì ṣòro kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ tiẹ̀.

Ohun mẹ́fà tó yẹ kẹ́ ẹ fẹnu kò lé lórí

Kò sí ilé tó jẹ́ pé tiwọn ni òfin, tàwọn yòókù ni àṣìṣe. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ nìwọ̀nyí:

1. Ṣé èèyàn lè fi 2 gbèjà ara rẹ̀ bí wọ́n bá jù “Pick two” sí i? Bó bá gbèjà, ṣé méjì ni ẹni tó tẹ̀ lé e á mú àbí mẹ́rin?
2. Ṣé 5 ń pàṣẹ, àbí káàdì lásán ni?
3. Ṣé wọ́n lè fi káàdì tó ń pàṣẹ ṣe “Check up”? Àwọn ilé kan ò gbà á, pàápàá 20.
4. Bí káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí bá jẹ́ 2 tàbí 14, ṣé àṣẹ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́?
5. Káàdì mélòó ni ẹni tó gbàgbé “Last card” á mú?
6. Bí ọjà bá tán, ṣé ẹ máa tún káàdì ilẹ̀ dà pọ̀, àbí ẹ máa ka nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀?

Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti dáhùn wọn. Bí àlejò bá wà láàárín yín, àwọn ìbátan tó wá láti Èkó tàbí ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù sọ gbogbo òfin náà sókè. Bó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò ní lè sọ pé òun ò gbọ́. Bó bá jẹ́ àgbà ló fẹ́ yí i padà nígbà tó ń fìdí rẹmi, ọmọ náà ló máa rán an létí. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Àdéhùn tó bá de ọmọdé tí kò de àgbà, kì í ṣe àdéhùn.

Owó ńkọ́? Bí àwọn ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ yọ owó kúrò. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lè lọ fọ abọ́ tàbí kó jó fún gbogbo ilé. Fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ kọ́kọ́ fi àṣẹ sílẹ̀, kó kàn máa wá àmì tàbí nọ́ńbà tó jọra. Bí ìyẹn bá mọ́ ọn lára, ẹ fi 2 kún un, lẹ́yìn náà ẹ fi 20.

Ohun kan tún wà tí eré yìí ń ṣe tó ṣọ̀wọ́n nínú ilé Yorùbá. Òwe sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú Whot, ọmọ ló ń rán àgbà lọ ọjà. “Pick two” tí ọmọ ń ké ò ní “ìwọ” nínú, kò sì ní “ẹ̀yin”, kò sẹ́ni tó máa bú u pé ó rí àgbà fín. Ọmọ tó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ á tiẹ̀ tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú méjì.” Dádì á sì mú un.